Ríwáyà àti iná airbag tí kò fẹ́ kú

Nínú ọgbà mẹkáníìkì, kálukú ló mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì kì í lu pánẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń lu pánẹ́ẹ̀lì kì í fọwọ́ kan wáyà. Ti iná mọ́tò, ríwáyà ló ni ín. Láyé Peugeot 504 àti Beetle, bí ríwáyà bá ti mọ ìdí fèrè, sítátà, bátìrì àti fíúùsì, tó sì ní tẹ́sítà onígílóòbù kékeré lọ́wọ́, ó ti tó ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà kéékèèké ló kún inú mọ́tò tòkúnbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé sí èbúté Apápá àti Tin Can. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣọ́ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, òun ló sì ń pinnu bóyá airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú ẹni tó jókòó síbẹ̀, yóò ṣí bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan.

Ikú ló bí kọ̀ǹpútà náà. Amẹ́ríkà sọ airbag iwájú di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti orí mọ́tò ọdún 1998. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, airbag ti tú jáde, agbára tó sì fi ń jáde lè dá ọrùn ọmọdé. NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó lọ́hùn-ún, ṣírò pé láàárín 1990 sí 2008, ó lé ní 290 èèyàn tí airbag fúnra rẹ̀ pa nínú ìjàǹbá tí eré mọ́tò kò pọ̀. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tó bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 2003 títí di 2006 pé kí mọ́tò máa dá ẹni tó jókòó mọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ tàbí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́fà, kí airbag pa ara rẹ̀ tì tàbí kó rọra ṣí. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, kódà obìnrin kékeré tí kò ju nǹkan bíi kílò 49 lọ, kó wà ní sẹpẹ́.

Oníléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn kan tẹ́ àpò tí nǹkan kíki wà nínú rẹ̀ sábẹ́ fóòmù, kí sẹ́ńsọ̀ máa ka bí ara ṣe wúwo lórí rẹ̀ tó. Toyota fi sẹ́ńsọ̀ ìwúwo mẹ́rin sí abẹ́ ìjókòó. Sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ kan tún wà nínú àwọn mọ́tò mìíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ké pé kéèyàn de bẹ́líìtì. Òun ló ń pariwo bí a bá gbé àpò ìrẹsì sórí ìjókòó. Ríwáyà tó bá da èyí pọ̀ mọ́ ti airbag ti ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Camry 2007 tí ọjà ń pè ní Muscle. Iná airbag kò kú, AIR BAG OFF náà tàn, bẹ́ẹ̀ géńdé ọkùnrin ló jókòó. Kọ̀ǹpútà ti rí àléébù nìyẹn, ó sì ti pa airbag ẹ̀gbẹ́ náà. Ríwáyà tó mọṣẹ́ kì í sáré fa wáyà. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ máa bi oní-mọ́tò. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àwọ̀ ìjókòó ni? Ṣé omi wọlé nígbà òjò? Ṣé wọ́n tú ìjókòó láti fọ kápẹ́ẹ̀tì? Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tó fọ kápẹ́ẹ̀tì ni kò ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ ibi tó yẹ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni yóò gbé sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù láti inú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Ó lè rí kóòdù B1650. Kóòdù yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé wàhálà wà nínú ètò ìjókòó, bí ìgbà tí dókítà mọ̀ pé ara ń gbóná tí kò tíì mọ ohun tó fà á. Kó tó fọwọ́ kan wáyà, yóò yọ orí négétíìfù bátìrì, yóò sì dúró, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 ní ti Toyota, kí iná tó kù nínú kọ̀ǹpútà airbag tán. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè, ti airbag ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki tẹ́sítà bọ̀ ọ́, torí iná díẹ̀ péré lè mú kí airbag bú síni lójú.

Ìgbà yìí ni yóò dọ̀bálẹ̀, tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ó lè rí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà, tó ti yọ àwọ̀ ewé bí ojú bàbà, èyí tó wọ́pọ̀ lára mọ́tò tí omíyalé ti mù rí. Ó lè rí wáyà tí irin tí ìjókòó ń yọ́ lórí rẹ̀ ti fún pọ̀ títí tó fi bó, tàbí ìgò omi tí ọmọ jù sílẹ̀ tó há sábẹ́ ìjókòó. Bí ojú kò bá rí nǹkan kan, yóò dá bátìrì padà, yóò gbé mítà, yóò wò ó bóyá iná tó tó fóòtì 12 ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ìjókòó, bóyá ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára. Yóò ti ìjókòó síwá sẹ́yìn bó ṣe ń wo mítà, torí wáyà tó já sínú rọ́bà máa ń fara kanra nígbà míì.

Bó bá tún un ṣe tán, ó ku kó fi sikánà sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìjókòó ṣófo, kó ka òdo. Lẹ́yìn èyí, Toyota ní kí wọ́n gbé ẹrù kílò 30 sórí rẹ̀, kí ohun tí kọ̀ǹpútà kà má sì kúrò láàárín 27 sí 33. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já iṣẹ́ sílẹ̀, torí sikánà kékeré olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe é.

Àwọn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ gílóòbù airbag kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n á so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ọ́ìlì kí méjèèjì lè jọ máa kú. Ẹ̀tàn gbáà ni, ẹni tó bá ra mọ́tò náà lọ́la ni yóò sì jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní dá ríwáyà nìkan lẹ́bi. Àwa oní-mọ́tò ń sanwó sẹ́ńsọ̀ láìjanpata, àmọ́ bí ẹnì kan bá fi wákàtí méjì wá ibi tí wáyà ti já, a ó ní wáyà lásán ló so. Iṣẹ́ àwárí yẹn la jẹ ẹ́ lówó. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì gba fíríìdọ̀mù lórí mọ́tò tí kò ní airbag rárá; ohun tí wọn kò kọ́, wọn kò lè fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ NATA tó kó àwọn oníṣẹ́ mọ́tò jọ lè ṣètò kí ọgbà kọ̀ọ̀kan dáwó jọ ra sikánà gidi kan, kí wọ́n sì fi ìmọ̀ airbag kún ẹ̀kọ́ ọmọ iṣẹ́ kó tó gba fíríìdọ̀mù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́: ẹ pe ríwáyà kí ẹ tó sanwó. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ̀yìn ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó, kí ẹ sì de bẹ́líìtì mọ́ wọn.