Èéfín Ọkọ̀ àti Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ Wa: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú London

A ti máa ń sọ̀rọ̀ níbí nípa ìmọ́tótó ara, aṣọ àti omi àlùwàlá. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló kàn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 9 kan, Ella Adoo-Kissi-Debrah, kú ní London. Ikọ́ fée, tí a tún ń pè ní ásímà, ló ń bá a jà. Ilé wọn kò jìnnà sí títì South Circular, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó ṣèwádìí ikú rẹ̀ sọ pé ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó fà á.

Kí ni èéfín ń ṣe nínú ara? Gáàsì kan wà nínú rẹ̀, nitrogen dioxide, tó máa ń mú kí ọ̀nà èémí wú, kó sì fún. Eruku kan náà wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, kó sì kó bá ọkàn. Àwọn ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí wọ́n ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn kò sì tíì gbó.

Láti ọdún 2003 ni London ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ULEZ: ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ yóò san £12.50 lójúmọ́, èyí tí èéfín rẹ̀ mọ níwọ̀n kò ní san nǹkan kan. Ní ọdún 2021, ètò náà dé Peckham, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó kárí gbogbo London. Wọ́n tún ń fi bọ́ọ̀sì oníná rọ́pò ti dísù.

Kò rọrùn. Oníṣòwò tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó ráhùn pé owó náà pọ̀, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ìlú fi fún àwọn kan lówó ìrànwọ́ láti pààrọ̀ ọkọ̀. Olórí ìlú náà, Sadiq Khan, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí òun náà ní ikọ́ fée, kò yẹsẹ̀. Lónìí, gáàsì náà ti dín kù gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ìnira ni èéfín náà. Nítorí náà:

- Ẹ pa ọkọ̀ yín bí ẹ bá dúró níwájú mọ́sálásí tàbí ilé ìwé.
- Bí mọ́sálásí kò bá jìnnà, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ̀san wà nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ mú ọmọ gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí.
- Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, kí inhaler tó ń tètè tú èémí sílẹ̀ má jìnnà sí i. Èyí tí dókítà ní kó máa lò lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Bí ó bá sì ń lo ti ìdágìrì léraléra, ẹ tètè gbé e lọ rí dókítà.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí. Àmín.