ẸGBẸ́ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ LÈ NÀ NI WỌ́N TÌ SÍTA!

Ìjà ife bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kò tán bọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kóra jọ síwájú tẹlifíṣàn ní ìlú Tallahassee, ní ìpínlẹ̀ Florida, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Florida State ni wọ́n. Eré mẹ́tàlá ni wọ́n ti gbá lọ́dún náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni wọ́n sì borí. Kò sí ẹgbẹ́ tó dá wọn. Alẹ́ àná ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba ife líìgì wọn. Ohun tí wọ́n jókòó dè kò ju kí wọ́n gbọ́ orúkọ ara wọn láàrin ẹgbẹ́ mẹ́rin tí yóò du ife ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè.

Wọ́n pe orúkọ kìíní: Michigan. Wọ́n pe ìkejì: Washington. Ìkẹta, Texas. Nígbà tó kan ìkẹrin, Alabama ni wọ́n pè. Florida State di ìkarùn-ún. Gbàgà! Ilẹ̀kùn tì. Inú yàrá náà pa lọ́lọ́, àwọn géńdé tí ara wọn le bí òkúta wá sorí kodò.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti na Alabama lẹ́ẹ̀kan lọ́dún náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni Texas bá wọn ní ilé wọn, tó sì nà wọ́n 34 sí 24. Ohun tó dá ariwo sílẹ̀ nìyẹn. Báwo ni ẹni tí wọ́n nà ṣe wọlé, tí ẹni tí wọn kò nà wá wà lóde?

IRÚ BỌ́Ọ̀LÙ WO NI ÈYÍ?

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ mọ̀. Bọ́ọ̀lù yìí ṣẹnu ṣóńṣó níhìn-ín, ó ṣẹnu ṣóńṣó lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú. Àwọn ọ̀tá yóò sì máa lé ẹni tó bá gbé e, wọn yóò gbá a mú, wọn yóò là á mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń dé akoto bí ọlọ́kadà tó bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ọmọ Yorùbá náà ń gbá a: lọ́dún 2022, Olusegun Oluwatimi tó ń gbá a fún Michigan gba àmì ẹ̀yẹ ńlá méjì nínú àwọn tó ń dúró níwájú bí odi.

Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fojú eré ọmọdé wò ó. Pápá ìṣeré Michigan ń gba èrò tó lé ní 107,000. Ti Alabama ń gba nǹkan bí 100,000. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti pé nígbà ìwọ́wé, gbogbo ìlú á dá wọ́ọ́wọ́ọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Yunifásítì tó wà ní ipò àkọ́kọ́ lé ní 130. Eré méjìlá péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbá kó tó di pé wọ́n du ife líìgì wọn. Kò sí bí gbogbo wọn ṣe lè bára wọn pàdé. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, o bá mi nílé, mo bá ọ nílé, tábìlì yóò sì sọ ẹni tó lọ́gá. Níbí, tábìlì kò lè sọ̀rọ̀. Ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn mẹ́tàlá ni wọ́n yàn sínú ìgbìmọ̀ náà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Grapevine, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n ti ń jókòó. Bí ọ̀rọ̀ bá kan yunifásítì tí ọ̀kan nínú wọn ń bá ṣiṣẹ́, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Wọ́n ń wo ẹni tó na ẹni, wọ́n ń wo bí àwọn alátakò ti le tó, wọ́n ń wo ẹni tó gba ife líìgì rẹ̀. Òfin wọn sì fún wọn láyè láti wo bóyá agbábọ́ọ̀lù pàtàkì kan kò ní lè gbá mọ́. Ìlà kékeré yìí ló pa Florida State.

ẸSẸ̀ ỌMỌ KAN

Nínú bọ́ọ̀lù yìí, ẹnì kan wà tó dà bí awakọ̀. Kọ́tábáàkì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù, òun ló ń darí àwọn tó kù. Jordan Travis ni ti Florida State. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, wọ́n gbá a mú nínú eré kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Gbogbo pápá dákẹ́.

Ṣé Florida State wá ṣubú ni? Rárá o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, igbákejì Travis ló bọ́ sójú agbo, wọ́n sì na Florida 24 sí 15. Igbákejì náà fara pa. Nígbà tó di ọjọ́ ife líìgì, ọmọdé tó wà ní ipò kẹta, tó jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn, ni wọ́n tì síwájú. Síbẹ̀ wọ́n na Louisville 16 sí 6.

Alága ìgbìmọ̀ ṣàlàyé pé láìsí Travis, Florida State kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń wò bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹgbẹ́ mẹ́rin tó dára jù lọ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn.

Nígbà tí Travis gbọ́, ohun tó kọ síta mú omi bọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní ì bá wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti kán ṣáájú àsìkò náà, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹgbẹ́ yìí ju ẹnì kan lọ. Ẹ wo ọmọ tó ń tọrọ kí ìyà òun tètè dé, torí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa pàdánù!

TA LÓ JÀRE?

Àwọn tó gbè sẹ́yìn Florida State ní ọ̀rọ̀ yìí ò le. Bí ènìyàn bá dá àjọ láti oṣù kìíní, tí kò já ọjọ́ kan, ṣé torí pé ẹsẹ̀ dùn ún ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó àjọ ni alájọ yóò fi gbé owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn? Wọ́n ní iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ló yẹ kí wọ́n san owó rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé yóò ṣe lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í dùn, ẹ gbọ́ ti ìhà kejì. Àwọn yẹn ní gbogbo ìṣẹ́gun kọ́ ló dọ́gba. Alabama na Georgia 27 sí 24 nínú ìdíje ife líìgì tiwọn, bẹ́ẹ̀ Georgia ti borí eré mọ́kàndínlọ́gbọ̀n léra léra kó tó dọjọ́ náà. Ẹni tó na òmìrán, ṣé kò tó ẹni tó na àwọn ọmọ kéékèèké? Wọ́n tún ní ẹni tó ń wá ẹṣin tí yóò sáré lónìí kò ní lọ mú èyí tó ń yarọ, bó ti wù kó sáré tó lánàá.

Ẹ ò ri pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ìdí. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé ọ̀kan ń bèèrè ẹni tó tọ́ sí, èkejì ń bèèrè ẹni tó lágbára jù.

ỌMỌ GÚÚSÙ, ẸGBẸ́ GÚÚSÙ

Kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń tìtorí bọ́ọ̀lù ọmọ ilé ìwé bú ara wọn? Ọ̀rọ̀ ilé baba ẹni ni. Ìpínlẹ̀ Alabama kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun. Yunifásítì wọn ni ẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, àwọn funfun Gúúsù tó pàdánù ogun náà gbé ìtìjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn pàápàá, ojú ìdọ̀tí ni àwọn ará Àríwá fi ń wò wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1926, Alabama lọ sí California, wọ́n sì na Washington 20 sí 19. Nígbà tí wọ́n ń wọ rélùwéè padà bọ̀, ńṣe ni èrò ń yọ sí wọn ní ìdúrókọ̀, kódà ní ìlú tí kì í ṣe ti Alabama. Àwọn ènìyàn dúdú kò láyè nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Ọdún 1971 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún Alabama. Lónìí, àwọn dúdú ni òpó ẹgbẹ́ náà.

Títí di òní, bí ẹgbẹ́ kan láti Gúúsù bá na ẹgbẹ́ ibòmíràn, àwọn èrò rẹ̀ yóò máa kígbe “S-E-C! S-E-C!” Orúkọ líìgì wọn nìyẹn. Orogún tó ń bú ara wọn nínú ilé, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n bí ọ̀tá bá dé láti ìta.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí máa ń di wèrè. Nínú oṣù Kọkànlá, ọdún 2010, Auburn na Alabama 28 sí 27. Ọkùnrin kan tó fẹ́ràn Alabama ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ da oró sí ìdí igi oaku méjì àtayébáyé tí àwọn ará Auburn máa ń kóra jọ sí lábẹ́ bí wọ́n bá borí. Òun fúnra rẹ̀ ló tún lọ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lórí rédíò! Igi náà kú, wọ́n gé wọn lọ́dún 2013, ọkùnrin náà sì rí ẹ̀wọ̀n he.

Ní ìlú tó rí báyìí, ta ni yóò gbà pé àwọn mẹ́tàlá kan lè dájọ́ láìṣègbè? Àwọn ará Florida ní owó tẹlifíṣàn ló sọ̀rọ̀, pé ESPN tó ń gbé ìdíje ife náà jáde ló tún ra ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù SEC. Àwọn mìíràn fèsì pé ESPN yìí kan náà ló ń gbé ti líìgì Florida State jáde.

ÌJỌBA BỌ́ SÍ I

Gómìnà Florida ní kí wọ́n ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ fún ẹjọ́. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kí oṣù náà tó parí, Florida State pe líìgì tirẹ̀ gan-an lẹ́jọ́, torí wọ́n fẹ́ ọ̀nà àti jáde.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kejìlá, wọ́n gbé Florida State pàdé Georgia nínú eré mìíràn tí kò ní ife ńlá nínú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tó lé ní ogún kò gbá a. Georgia nà wọ́n 63 sí 3! Ìhà kan ní, “Ṣé ẹ rí i? A ti wí.” Ìhà kejì ní, “Ẹni tí ẹ ti pa ọkàn rẹ̀, kí lẹ ń bá òkú rẹ̀ jà sí?” Michigan ló padà gba ife ńlá náà ní Houston, lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 2004, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n ń mú, Auburn borí gbogbo eré rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Lọ́dún 2017, yunifásítì UCF ní Florida borí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, wọn kò kà á kún. UCF na Auburn, bẹ́ẹ̀ Auburn ti na Alabama àti Georgia tó wá du ife ńlá náà lọ́dún yẹn. Ni UCF bá fi ara rẹ̀ jọba, wọ́n ní àwọn ni ọ̀gá, wọ́n sì ṣe àjọyọ̀ pẹ̀lú ijó àti ayọ̀.

Láti sáà 2024, wọ́n sọ mẹ́rin di méjìlá. Ṣé ariwo wá tán? Kò tán o. Lọ́dún náà, Alabama gan-an ló wà lóde tó ń sunkún. Àwọn ènìyàn fi Indiana tó wọlé ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn aláìlera ni wọ́n nà. Nígbà tó di 2025, Notre Dame ni wọ́n tì síta, tí wọ́n sì mú Miami. Inú bí Notre Dame débi pé wọn kò gbá eré kankan mọ́ lọ́dún náà.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe parí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, ọdún 2026, àwọn méjì tó kù lórí pápá ni Indiana tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti Miami tí wọ́n ní kò yẹ kó wọlé. Indiana ló gba ife náà, kò sì sẹ́ni tó nà án látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú adájọ́ rí i kò tó, àfi ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọ pápá.

Florida State ti 2023 kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bóyá wọn ì bá borí, bóyá wọn ì bá fìdí rẹmi, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ mọ́ láéláé. Jordan Travis fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ New York Jets mú un lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò san tán. Lọ́dún 2025 ó kéde pé òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì Grapevine lọ́jọ́ náà, ta ni ẹ̀ bá mú: ẹni tó ti ṣe é, àbí ẹni tí ẹ rò pé ó lè ṣe é?