Ibà Kì Í Bá Wa Ka Ọdún Ìdìbò

Kò sí agbo ilé kan ní ilẹ̀ wa tí ibà kò wọ̀ rí. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, bí a bá pín gbogbo ibà tí ó mú ọmọ aráyé ní ọdún 2022 sí ọ̀nà mẹ́rin, ó lé ní ìpín kan tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. A ní ohun ìjà: àwọ̀n tí a fi oògùn rẹ, oògùn tí a ń fín sí ara ògiri, àti egbòogi tí a ń lò. Ṣùgbọ́n owó kò tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí á fi síwájú? Báwo ni kí ó ti pọ̀ tó? Ìgbà wo ni kí á dín in kù? Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ó ti pẹ́ tí ìṣirò ti wọ ọ̀ràn ibà. Ronald Ross, oníṣègùn tí ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897, fi ìṣirò hàn ní ọdún 1911 pé kò di ìgbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀fọn run. Bí wọ́n bá ti dín kù kọjá ìwọ̀n kan, àìsàn náà yóò máa kú lọ fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní Èkó, Gómìnà William MacGregor, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn, ti ń fa omi àbàtà gbẹ, ó sì ń pín kuníìnì fún àwọn ará ìlú.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ibà lè dín kù kò tíì sọ bí a ó ti ná owó. Lev Pontryagin ará Rọ́ṣíà, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, ni ó ṣáájú àwọn tí ó la ọ̀nà yìí láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ìlànà rẹ̀ ni pé, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí á fi owó tí a fẹ́ ná wé ìnira tí aláìsàn kan tí a bá fi sílẹ̀ lónìí yóò fà títí dé òpin. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Iye àwọn aláìsàn ni a ń kà láti òní lọ síwájú. Ìnira náà ni a ń kà láti ọjọ́ ìkẹyìn bọ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n a kọ́kọ́ dá àbá kan: àwọ̀n báyìí, oògùn báyìí, lóṣooṣù. Kọ̀ǹpútà yóò fi ìṣísẹ̀ kéékèèké rìn láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ ìkẹyìn, yóò máa ka ènìyàn àti ẹ̀fọn tí kòkòrò wà lára wọn. Lẹ́yìn náà yóò yí padà, yóò máa ṣírò ìnira bọ̀ wá sí òní. Yóò fi èyí tún àbá náà ṣe, yóò sì tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, bí òwú lọ́wọ́ ahunṣọ, títí àbá náà kò fi ní yí padà mọ́.

Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra. Bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un, kọ̀ǹpútà a máa ka ìnira ọjọ́ ìkẹyìn sí òdo, nítorí kò mọ̀ pé ayé ń bẹ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, yóò ní kí á ná owó gidi ní ìbẹ̀rẹ̀, kí á sì káwọ́ kò bí òpin ti ń súnmọ́ etílé. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́rin ìjọba kan ṣe òpin, ìmọ̀ràn tí yóò gbà nìyẹn. Ibà kì í sì í bá wa ka ọdún ìdìbò.

Ẹ rántí Garki, ní apá Àríwá, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọdún 1969 dé 1976. Wọ́n fín oògùn sí inú ilé, wọ́n sì pín oògùn fún àwọn ará abúlé. Kòkòrò ibà dín kù púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tán. Nígbà tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, ó padà.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn aláṣẹ wa pé kí wọ́n fi ọ̀ràn yìí lé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní àwọn Yunifásítì wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí òpin tí wọn yóò fún wọn jìnnà, kí wọ́n sì ka ibà tí yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ sí gbèsè. Kí àwọn ilé ìwòsàn máa kọ iye aláìsàn sílẹ̀ lótìítọ́, nítorí èké tí a bá kì bọ ìṣirò, èké náà ni yóò bí. Kí á sì máa tún un ṣe bí iye tuntun bá ti ń dé. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

A kò ní kí kọ̀ǹpútà jọba lé wa lórí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá ṣe é dópin.