Igi Arère

Ǹjẹ́ o ti gbé pákó rí? Bí o bá dé ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o gbé pákó ìrókò wò. Lẹ́yìn náà, gbé pákó arère tí ó tóbi bákan náà. Ìwọ yóò rí i pé ti arère fúyẹ́ ju ti ìrókò lọ.

Arère jẹ́ igi ńlá inú igbó ẹgàn ilẹ̀ wa. Ó lè ga tó mítà 50. Ewé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí a ya ìka rẹ̀. Wawa ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Gánà.

Kí ló dé tí arère fi fúyẹ́? Ihò tín-ín-tìn-ìn-tín pọ̀ nínú igi. Ara ihò ti arère fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó sì máa ń kún inú rẹ̀ bí igi náà bá gbẹ. Bí a bá gé arère gbígbẹ tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 380. Ti ìrókò yóò tó nǹkan bíi 650.

Arère rọ̀ fún ayùn, ó sì rọrùn láti kan ìṣó mọ́. Ó tètè ń gbẹ. A máa ń fi í ṣe àpótí, àjà ilé àti ère. Kì í tètè gbóná, nítorí náà ni àwọn ará Fínláǹdì ṣe ń fi í ṣe ìjókòó inú yàrá tí wọ́n ti ń fi ooru wẹ̀.

Ṣùgbọ́n arère ní àléébù. Ikán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, òjò sì tètè ń mú un rà. Bí bàbá rẹ bá fi arère ṣe ẹsẹ̀ ilé adìẹ tí ó wà ní ìta, kò ní pẹ́ tí yóò fi wó. Àwọn adìẹ yóò sì di ìjẹ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Ìrókò tàbí apá ni ó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ilé, níbi tí ó gbẹ, ni ààyè arère.

Arère kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò sì máa ń ba èso rẹ̀ jẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ nípa igbó ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí gígé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, kí ó lè ta gbòǹgbò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí a bá ń gé igi tí a kò gbìn, kí ni àwọn ọmọ tiwa yóò fi ṣe àpótí?

Rántí pé kò sí igi tí kò wúlò. Mọ iṣẹ́ tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.