Ẹbọ ti dà, ó ku iṣẹ́ ẹsẹ̀: Bí agbára ṣe ń padà sí ẹ̀yìn tó fara pa

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ. Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ Ifá ká má dárúkọ igi yìí. Ara rẹ̀ la ti rí ikin 16 tí Ọ̀rúnmìlà fi dípò ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ la ti ń rí epo, màrìwò àti ẹmu. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ga, igbà a sì máa já. Nílẹ̀ wa, jíjábọ́ lórí igi wà lára ohun tó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, òun àti ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà.

Awo kan tí mo mọ̀ dáadáa, tó ti lé ní 50 ọdún, nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbà já, ó sì fi ìdí gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e sórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fàáké kọ́rí. Pákó gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọn ò jẹ́ kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ yí, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ló gba ẹsẹ̀ bàbá là. Inú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn ni okùn tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀ gbà kọjá. Bí eegun tó ti fọ́ bá yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká ẹni náà kò, ó lè ba okùn yẹn jẹ́, kí ẹni tí ì bá rìn má rìn mọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fa ẹ̀yìn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

Orí bá a ṣe é. X-ray fi hàn pé eegun kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún, ṣùgbọ́n okùn náà kò já. Wọ́n ní kó sinmi, wọ́n fún un ní bẹ́líìtì tí yóò máa dè mọ́ ẹ̀yìn. Nílé, wọ́n dá Ifá, wọ́n rú ẹbọ, ẹbọ sì fín. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, eegun ti so, ìrora ti lọ.

Ibẹ̀ ni ìdààmú gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò lè jókòó sórí ẹní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá Ifá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọpọ́n wà láàárín ẹsẹ̀, awo tẹ̀ síwájú, ó ń pa ikin, ó ń fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀ròsùn, ó sì lè tó wákàtí kan kí ó tó nara. Bí bàbá bá ti tẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bó bá foríbalẹ̀, àfi kí wọ́n fà á dìde. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, orí àga ló jókòó sí bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, àbí ẹbọ yẹn ò dà ni?"

Ọ̀pọ̀ wa ló ti bi ara rẹ̀ nírú ìbéèrè yìí. Àwọn kan á tún ẹbọ rú títí owó á fi tán, àwọn mìíràn á bínú kúrò nídìí Ifá. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ẹbọ bàbá dà. Iṣẹ́ kan ló ṣẹ́kù tí ẹbọ kò lè bá a ṣe.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe ìtọ́jú fisiotẹ́rápì ní ọsibítù ló là á yé e. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ní, "Bàbá, eegun yín ti jinná. Iṣan tó di eegun náà mú ni kò tíì jí."

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ní jí fúnra rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Kò dájú, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa jí i."

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń sọ. Eegun 24 ló tò léra láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kí a tó kan àwọn tó lẹ̀ pọ̀ nídìí. Àwọn iṣan kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló de ọ̀kan mọ́ èkejì, bí okùn ṣe ń mú òpó àtíbàbà dúró. Bí ẹ̀yìn bá fara pa, ìrora á mú kí àwọn iṣan yìí dákẹ́. Ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ á mú kí wọ́n tín-ín-rín, ọ̀rá á sì máa gba àyè wọn. Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí ènìyàn 39 tí ẹ̀yìn ń dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Eegun tiwọn kò fọ́ bíi ti bàbá, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ìrora ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá tó bá a mu kò tètè padà bọ̀ sípò. Àwọn tó ṣe é, tiwọn yá kíákíá, ó sì pé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé ìrora lọ kò wá túmọ̀ sí pé agbára ti dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ifá. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, tẹ̀ jáde lórí Ifá ní 1976, ó mẹ́nu ba ìtàn àwọn Orí tó pé jọ láti gbìmọ̀, tí wọn kò ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Ìjà ni ìpàdé náà tú sí. Ìgbà tí wọ́n pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó yọrí. Ẹsẹ̀ níhìn-ín ni akitiyan ẹni. Orí gba bàbá lọ́wọ́ ikú nídìí ọ̀pẹ, ó wá ku Ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò le lójú. Yóò dùbúlẹ̀, yóò ká orúnkún sókè, yóò fún ìsàlẹ̀ ikùn pọ̀ díẹ̀ láìséèémí, yóò ka ení títí dé ẹ̀wá, kí ó tó tú u. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí, ó fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀ bí ọmọ tó ń rá, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ó sì yí i padà. Níkẹyìn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ti ara rẹ̀, ó gbé ìbàdí sókè. Ojoojúmọ́ ló sì ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga níbẹ̀rẹ̀, títí tó fi ń dé ọjà.

Físíò náà kìlọ̀ fún un pé kí iṣan ro ni kò burú. Bí ìrora bá ta wọ ẹsẹ̀ bí iná, kó dáwọ́ dúró. Bí ojú ara tàbí itan bá kú, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú eré yìí, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, nítorí ẹ̀yìn kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Láti 1945 ni ọsibítù eegun ti wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní fisiotẹ́rápì láti 1966.

Àwọn àgbà awo tún ṣe ohun kan tó wú mi lórí. Wọ́n ní kí bàbá gbé ọpọ́n sórí àpótí, kí ó jókòó sórí òmíràn níwájú rẹ̀. Wọ́n ní bó bá fẹ́ júbà, kí ó fọwọ́ kanlẹ̀, kí ó fi kan orí. Nígbà tó lágbára díẹ̀, ó ń kúnlẹ̀. Ìgbà tí oṣù kẹjọ pé lẹ́yìn ìjàǹbá, lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó na gbalaja síwájú Ifá, ó sì dá dìde. Kò sẹ́ni tó fà á. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbọn ìyẹ̀ròsùn kúrò láṣọ, ó lọ jókòó sídìí ọpọ́n.

Kò tíì lè yíká bíi ti tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì ń kọ ọ̀pẹ báyìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló ń padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ já lè má rìn mọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pe abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, tí a mọ̀ pé Ọbàtálá ló mọ gbogbo wa, kò yẹ kí ilé Awo wa ṣòro fún wọn láti wọ̀. Ẹ tẹ́ àga fún wọn nídìí ọpọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn yín ń gbọ̀n lórí ẹní, ẹ má sọ ìrètí nù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ifá á gbé wa dìde, Orí wa ò ní gbàbọ̀dè, Ẹsẹ̀ wa á sì gbà fún Orí. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.