Ọmọ yín ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣe mẹ́ta? Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí

Ó ti ń ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ òbí báyìí. Ọmọ á gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, á ní kí wọ́n má pa á. Tọ̀sán-tòru lẹ̀rọ náà á máa kùn bí oyin. Bí wọ́n bá ní kí ló ń fi ṣe, á ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo virtual machine. Ìyá ò ní í mọ̀ bóyá kóun yọ̀ ni àbí kóun yọ wáyà rẹ̀ lára iná.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tí wọ́n ń háyà ṣàlàyé ẹ̀. Ilé kan ni, yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kálukú ló ní ilẹ̀kùn tiẹ̀, àmọ́ kànga kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi, mítà iná kan náà ni wọ́n ń lò. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn ni ilé yẹn. Virtual machine ni ayálégbé: kọ̀ǹpútà tí kò ní irin, tí kò ní ike, tó jẹ́ pé inú òmíràn ló ń gbé. Ètò bíi VirtualBox tàbí Proxmox ni onílé tó ń pín yàrá, ọ̀fẹ́ sì ni èèyàn lè lo méjèèjì nílé. Bí ọmọ bá ba ọ̀kan jẹ́ níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, á pa á rẹ́, á dá òmíràn sílẹ̀, àwọn tó kù ò ní í mọ̀ rárá.

Kì í ṣe eré ọmọdé o. Láti bí ọdún 1960 sí 1969 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ńláńlá. Lọ́dún 1999, VMware gbé èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì jáde. Iṣẹ́ gidi lọmọ yín ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ nilé, ẹ bi í ní nǹkan wọ̀nyí:

1. Níbo ni àwòrán ẹbí wa wà?
Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, kó tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sì ti bi í. Bí wọ́n bá gbé Proxmox sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì tí wọ́n gbé e sí ló máa pa rẹ́. Àwòrán ìgbéyàwó, òkú bàbá àgbà, ìwé ilẹ̀, èsì àyẹ̀wò ọsibítù, gbogbo ẹ̀ lè lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. VirtualBox kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, òun ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ọmọ lè ní òun ti ṣe snapshot. Ìyẹn dáa, ó ń jẹ́ kó lè dá ayálégbé padà sí bó ṣe wà lánàá. Àmọ́ inú ilé kan náà ló wà. Bí òrùlé bá ṣí, gbogbo ayálégbé lòjò máa pa. Kó kó àwòrán sórí díìsìkì mìíràn tí kì í wà lára kọ̀ǹpútà náà, kó sì ṣí i níṣojú yín.

2. Iná tó ń jẹ ńkọ́?
Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 60 tọ̀sán-tòru á jẹ yúníìtì bíi 43 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Láàpútọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 20 kò ní í pé 15. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń ra yúníìtì kan ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè pa á tó bá fẹ́ sùn.

3. Níbo ló gbé e sí?
Kó má wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, nítorí ooru. Bí iná bá sì lọ, kó má tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé torí kọ̀ǹpútà. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Kò sí ẹ̀kọ́ tó tó ẹ̀mí.

Ẹ̀yin àgbà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó béèrè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.