Póìǹtì 150: Bí Mo Ṣe Yan Running Back Wa

Mo fẹ́ ṣàlàyé líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí èmi àti àwọn mọ̀lẹ́bí mi ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, pàápàá bí èèyàn ṣe ń yan running back. Àwọn òbí kan rò pé a kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni. Rárá o! Nínú líìgì tiwa, kò sẹ́ni tó ń tẹ nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló ń gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, a ó sì ka ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ká tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ tiwa ni ká ti pín póìǹtì dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fún àwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ni wọ́n mọ̀, bíi Mọ́mì mi: èèyàn 11 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbí náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti lọ síwájú ní yáàdì 10. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, wọ́n á fún yín ní mẹ́rin míì. Tẹ́ ò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù. Running back ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbé e sáré. Níwájú wọn ni àwọn géńdé márùn-ún wà tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀tá sẹ́yìn kí ọ̀nà lè ṣí. Ẹ rántí àwọn márùn-ún yẹn o, mo ṣì ń bọ̀ lórí wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní yunifásítì ló ń darí líìgì náà. Tíìmù mẹ́jọ la jẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń dá agbábọ́ọ̀lù kan, kọ̀ǹpútà á wá dá àwọn tó kù. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n ń wò lára running back: eré sísá, agbára, yíyẹ̀, ọwọ́ (ìyẹn bó ṣe lè hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i), èémí, àti ojú. Ojú yìí kì í ṣe ti ká kàn ríran. Ó jẹ́ bó ṣe ń tètè rí ibi tí àlàfo ti fẹ́ ṣí. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti 50, ẹ sì ní póìǹtì 150 láti ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: iye tí wọ́n ń tà á kì í dúró sójú kan. Láti 50 dé 70, póìǹtì kan ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 70 dé 80, ó di méjì méjì. Láti 80 dé 90, mẹ́rin mẹ́rin! Ẹni tuntun kò lè kọjá 90. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, 90 nínú nǹkan kan ṣoṣo máa jẹ póìǹtì 80, ó ti ju ìdajì owó yín lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tó kẹ́yìn nìkan jẹ 40, bẹ́ẹ̀ 40 yẹn lè gbé nǹkan méjì láti 50 dé 70. Ó dà bíi kí èèyàn máa ra tòmátì, kí ẹni tó ń tà á sì máa fowó lé e bó o ṣe ń rà sí i. Mọ́mì mi ì bá ti bínú kúrò níbẹ̀. Àti pé tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ ti ná kì í padà. Sáà mẹ́jọ ni agbábọ́ọ̀lù yín fi máa gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fẹ́ asáré. Eré 90, yíyẹ̀ 80, ojú 70, èémí 60, owó tán. Agbára àti ọwọ́ á wà ní 50 bí wọ́n ṣe wà. Barry Sanders ti Detroit ni wọ́n ń rò. Kò ga rárá, ṣùgbọ́n ó sá yáàdì 2,053 ní ọdún 1997. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń mú òun náà mọ́lẹ̀ kó tó kúrò lójú kan.

Dádì mi ò gbà. Wọ́n ní alágbára ni kí n dá, bíi Christian Okoye. Enugu ni wọ́n bí Okoye sí, discus ló ń jù tẹ́lẹ̀, ó sì ti lé lẹ́ni ogún ọdún kó tó kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó nǹkan bíi pọ́ùn 260. Ní 1989, òun ló sá yáàdì jù nínú gbogbo NFL, 1,480. Tí Dádì bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, oúnjẹ á tutù.

Ẹ tún lè pín in dọ́gba, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 72, póìǹtì 6 á ṣẹ́ kù. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí wọ́n máa torí ẹ̀ bẹ̀rù yín.

Olùkọ́ wa kọ́ wa pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Asáré náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó, alágbára náà ní tiẹ̀. Nítorí náà, mi ò kọ́kọ́ wo running back rárá. Tíìmù wa ni mo wò.

Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti ọmọ àǹtí wa ló wà níbẹ̀. Òun ló dá quarterback wa. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá. Ní sáà tó kọjá, méjì péré la jẹ nínú ìdíje 14, àwa la kẹ́yìn. Òfin líìgì sì ni pé tíìmù tó bá kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì léra, wọ́n máa tú u ká ni. Tí wọ́n bá tú wa ká, wọ́n á fi òun sí tíìmù míì, a ò ní jọ máa ka èsì lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe ìṣirò yìí bíi pé ìdánwò ni.

Ó yá, àwọn géńdé márùn-ún. Kọ̀ǹpútà ló dá tiwa, kò sí èyí tí agbára rẹ̀ ju 58 lọ. Wọn ò lè ṣí ọ̀nà. Asáré nílò àlàfo kó tó lè sáré. Tí wọ́n bá mú un kó tó gbéra, 90 rẹ̀ wà lórí ìwé lásán ni. Alágbára á fipá gba yáàdì méjì, ó dáa, ṣùgbọ́n méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, tíìmù tí wọ́n bá ń nà kì í fẹ́ sáré mọ́, wọ́n máa ń jù ú ni, torí aago máa ń dúró tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì máa ń nà wá dáadáa. Alágbára tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 50 á kàn jókòó máa wòran ni.

Ẹni tí a nílò ni ẹni tí quarterback wa lè tètè ju bọ́ọ̀lù kékeré sí kí àwọn ọ̀tá tó dé. Christian McCaffrey ṣe é ní 2019: ó sá ju yáàdì 1,000 lọ, ó tún gba ju 1,000 lọ. Èèyàn méjì péré ló ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ nínú NFL. Jay Ajayi náà ń bẹ, ọmọ tí wọ́n bí ní London tó dàgbà ní Amẹ́ríkà. (Ẹ wò ó, Àjàyí! Orúkọ àmútọ̀runwá tá a kọ́ ní kíláàsì, ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé.) Ní Boise State lọ́dún 2014, ó sá ju yáàdì 1,800 lọ, ó sì gba ju 500 lọ. Ní 2016, nígbà tó wà ní Miami, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sá ju 200 lọ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Mo fi èyí han Dádì. Wọ́n ní Yorùbá gidi ni, àmọ́ Okoye ṣì wúwo jù ú lọ.

Build tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: ọwọ́ 80, ojú 80, yíyẹ̀ 75, eré 70, agbára 60, èémí 60. Ẹ ṣírò ó, 150 ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé èémí 60 kéré, ó máa rẹ̀ ẹ́ tó bá di ìpín kẹrin. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn sáà kọ̀ọ̀kan wọ́n máa ń fi póìǹtì 15 kún un, èémí sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi tiẹ̀ sí. Dádì ní agbára ni. A ṣì ń jiyàn lé e lórí.